Orúkọ Tí Mo Sọ Ẹni Tó Ń Sinmi

Ìyá mi tí mo fẹ́ràn,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí yín mọ́. Àwa Yorùbá ní ìkíni fún ẹni tó jókòó, a ní fún ẹni tó dúró, a ní fún ẹni tó ń jẹun, a tún ní fún ẹni tó ń dirun. Èwo ni ti ẹni tó ti sùn sí ẹ̀yìnkùlé ní Ìfọ̀ láti ọdún márùndínláàádọ́ta? Ẹ bá mi mú èyí tó bá wù yín níbẹ̀. Ìwé mẹ́fà tí ẹ fi owó gàrí rán mi kà ni mo fi ń kọ èyí, nítorí náà bí ọwọ́ mi bá wọ́, ẹ má bá mi wí. Ẹ̀yin ni ẹ ò jẹ́ kí n ka ìwé méje.

Ẹnìkan ló ní kí n kọ ọ́. Obìnrin kan ni, ní Ìbafò, tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ìtọ́jú àwọn tí iṣẹ́ àti ìrònú ti tán lókun. Ó ní kí n kọ lẹ́tà sí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣì kù láàárín èmi àti rẹ̀. Mo bi í pé tí mo bá kọ ọ́ tán, ilé ìfìwéránṣẹ́ wo ni kí n gbé e lọ. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ẹ ṣáà kọ ọ́, Bàbá.”

Ó ti lé lóṣù kan báyìí. Mo ti sọ fún un pé bíírò mi gbẹ. Mo ti sọ pé ojú ń dùn mí. Mo ti sọ pé ajá jẹ ìwé náà. A ò ní ajá.

Ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀ ni, ọmọ mi obìnrin. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ọdún keje lẹ́yìn yín la bí i. Òun ni àbíkẹ́yìn mi. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fọ́n ká, òun ló kó wá sọ́dọ̀ mi ní Mowe, nínú ilé kékeré tí mo fi iṣẹ́ táyà lílẹ̀ kọ́. Ó ní kí n má baà máa jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ kí n tún máa jẹ búrẹ́dì lálẹ́. Èmi ní rárá, búrẹ́dì mi ló wá bá mi jẹ.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ní Èkó, bí mo bá ṣàlàyé rẹ̀ ẹ ó ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń jókòó, á fi nǹkan kan bo etí, àwọn èèyàn á máa pè é lórí fóònù láti ibi gbogbo, wọ́n á máa bú u. Iṣẹ́ náà nìyẹn. Nǹkan tí wọ́n rà bàjẹ́, kì í ṣe òun ló bà á jẹ́, òun ni wọ́n á bú. Kò gbọdọ̀ bú wọn padà. Ó tún gbọ́dọ̀ dúpẹ́ pé wọ́n pè. Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù ó ti wà ní ibùdókọ̀. Ọjọ́ Sátidé tó yẹ kó fi sinmi, wọ́n tún ń wá a, á gbé kọ̀ǹpútà lé itan, á máa ní, “Ẹ má bínú, mà. Ẹ ṣé tí ẹ ní sùúrù, mà.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Ẹnu mi kì í sinmi. Bó bá ti fẹ̀yìn ti àga lọ́jọ́ Àìkú, màá kí i pé, “Ẹ kú fàájì o, ìyàwó gómìnà.”

Á ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Àbí kí n wá fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí yín?”

Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á dìde, á lọ fọ abọ́. Inú mi á dùn pé ọmọ mi mọ àwàdà. Ìyá mi, ṣé gbogbo ẹ̀rín náà ni ẹ̀rín?

Lọ́jọ́ Ajé kan lẹ́yìn Àjíǹde, Bọ́sẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì ní ibùdókọ̀ Mowe, kò lè dìde mọ́. Kò ṣubú. Kò dákú. Ó kàn jókòó sórí àpò rẹ̀ ni, ọkọ̀ ń dé, ọkọ̀ ń lọ. Obìnrin tó ń din àkàrà níbẹ̀ ló fi fóònù rẹ̀ pè mí.

“Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ wá wo ọmọ yín o. Ìgbà kẹta tí mò ń da àkàrà sépo rèé, kò tíì kúrò lójú kan.”

Ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí mo débẹ̀. Àwọn èèyàn ti yí i ká. Ẹnìkan ní iṣẹ́ ayé ni. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n wo inú àpò rẹ̀ kó tó di pé ọlọ́pàá dé. Mo lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Bọ́sẹ̀, kí ló dé?”

“Bàbá, mo fẹ́ wọkọ̀. Ẹsẹ̀ mi ni ò dá mi lóhùn.” Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí dáadáa. “Ẹ má bínú. Ẹ ṣé tí ẹ ní sùúrù.”

Èmi bàbá rẹ̀! Ohùn tó fi ń dá àwọn abúni lóhùn ló fi dá mi lóhùn. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Dókítà fa ẹ̀jẹ̀, ó wọn ìfúnpá, ó ní kì í ṣe ibà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tó. Ó ní wàhálà tí kò dáwọ́ dúró láti ọdún pípẹ́ ló ti tán an lókun, pé ara rẹ̀ ló fi tipátipá dá a jókòó nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kọ̀ láti jókòó. Ó fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sì ní kó máa lọ rí obìnrin Ìbafò náà fún ohun tí wọ́n ń pè ní tẹ́rápì.

Mo ní, “Abẹ́rẹ́ ńkọ́?”

“Kò sí abẹ́rẹ́, Bàbá.”

“Oògùn oníhóró ńkọ́?”

“Kò tíì kan ìyẹn.”

“Dókítà, ọ̀rọ̀ gbígbọ́ ló dá ọmọ yìí dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lẹ tún fẹ́ fi wò ó?”

Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Lọ́tẹ̀ yìí, òun ni wọ́n máa gbọ́, Bàbá.”

Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni. Lórí òkè ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ni ọ́fíìsì náà wà, èmi á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú, díẹ̀díẹ̀ ni Bọ́sẹ̀ ń sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní kó máa kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́, ohun tó gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tó dá díẹ̀ padà fún un. Wọ́n ní kó máa pa fóònù iṣẹ́ bí oòrùn bá ti wọ̀. Wọ́n ń kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń sọ pé rárá láìfi àlàyé mẹ́wàá tì í lẹ́yìn. Obìnrin náà á ṣe bí ọ̀gá rẹ̀, Bọ́sẹ̀ á ní, “Mi ò ní lè ṣe é ní Sátidé, sà.” Ọmọ tó fi ọdún mẹ́sàn-án dá gbogbo ayé lóhùn, ẹ̀ẹ̀mejì ló sunkún kí gbólóhùn kan yẹn tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ kan ń gbé inú orí rẹ̀, pé ẹni tó bá jókòó, ọ̀lẹ ni. Wọ́n ní kó rántí ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Bọ́sẹ̀ ò sọ ẹni náà fún mi. Èmi náà ò béèrè.

Lálẹ́ tí oúnjẹ bá ti wà lórí iná, á jáde sí fáráńdà, á pa ojú dé, á mí sínú, á ka mẹ́rin, á wá mí síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á ka mẹ́fà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi ní afẹ́fẹ́ ọ̀fẹ́ tí Ọlọ́run fún wa, a ti ń kà á báyìí. Àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́, Ìyá mi. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ó jẹ ẹ̀bà, ó tún bu. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbọ́ tó ń han-an-run, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò.

Ibi tó dé nìyẹn kí n tó fi ẹnu mi bà á jẹ́.

Ẹ rántí pé mo máa ń sọ èèyàn lórúkọ. Ọjọ́ ogbó ò mú un lọ. Alága àwọn onílé wa, tí ìpàdé rẹ̀ kì í parí, èmi ni mo sọ ọ́ ní Bàbá Gbólóhùn-Kan. Kò sí orúkọ tí mo fi kan èèyàn ní àdúgbò yìí tí kò lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lèmi àtàwọn àgbà bíi tèmi ṣe ń ta ayò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n bi mí pé báwo lara Bọ́sẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ló yẹ kí n bẹ̀ wọ́n fún àdúrà. Dípò bẹ́ẹ̀ mo dìde, mo pa ojú dé, mo wú àyà, mo mí bíi ti màlúù, mo ní ara Ìyá Mísínú-Mísíta le o. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ ayò dà sílẹ̀.

Kò tó ọjọ́ mẹ́rin, Bọ́sẹ̀ jáde lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tó ń bọ̀, àwọn ọmọ kéékèèké tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n pa ojú dé, wọ́n wú àyà, wọ́n sì pariwo pé, “Ìyá Mísínú, ẹ kú ìsinmi o!”

Ó wọlé, ó gbé búrẹ́dì náà kalẹ̀ níwájú mi.

“Bàbá, ta ló sọ fún wọn?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ìwọ náà, àwàdà lásán.”

“Bàbá, fáráńdà yẹn nìkan nibi tí mo ti ń rí èémí.”

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ǹ bá rí nǹkan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wọ yàrá, ó di aṣọ díẹ̀ sínú àpò, ó lọ sọ́dọ̀ Túndùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Òkè-Àró. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, kò lọ sí Ìbafò. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò lọ. Mo pè é, kò gbé e. Túndùn ló bá mi sọ̀rọ̀, ó ní, “Bàbá, kì í sùn mọ́ o. Ó ní òun ò fi ọ̀rọ̀ òun lọ ẹnikẹ́ni mọ́.”

Mo mú ọ̀nà Ìbafò pọ̀n, mo lọ fẹjọ́ sùn. Ẹjọ́ Bọ́sẹ̀ ni mo gbé lọ o, kì í ṣe tèmi. Mo sọ fún obìnrin náà pé ọmọ òde òní ò mọ eré. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, mo tiẹ̀ tún sọ òun náà lórúkọ níbẹ̀, Ìyá Ẹ-Máa-Bá-a-Lọ, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn bí èèyàn bá dákẹ́. Lọ́jọ́ yẹn ó rẹ́rìn-ín dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní, “Bàbá, orúkọ sísọ yìí mọ́ yín lẹ́nu gan-an. Ta lẹni àkọ́kọ́ tí ẹ sọ lórúkọ?”

Mo la ẹnu. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, Ìyá mi. Mo pa á dé.

Ó ní, “Ẹ máa bá a lọ.”

Ẹ máa ń dìde nídìí agbada gàrí nígbà mìíràn, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ẹ ó jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, ẹ ó kọjú sí ògiri. Ojú yín á pupa fún èéfín. Bí rélùwéè bá kọjá, ẹ ò ní wò ó. Ọmọ mẹ́fà, ẹ̀gẹ́ bíbó, ẹ̀gẹ́ rírìn, gàrí yíyan, omi pípọn, lójoojúmọ́. Kí lẹ máa ń rí lára ògiri yẹn? Àbí ẹ ò rí nǹkan kan, tó jẹ́ pé ohun tí ẹ lọ wá gan-an nìyẹn?

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí tí mo sọ yín ní Ìyá Ajókòó-Má-Dìde. Ẹ mọ̀ pé nílé wa, ìyàwó ló ń sọ ọmọ ilé lórúkọ. Pé ọmọ ilé wá sọ ìyàwó lórúkọ, gbogbo agboolé ní ẹnu mi mú bí abẹ. Bàbá mi fún mi ní ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ nítorí ẹ̀. Àwọn ìyálé yín gbà á lẹ́nu mi, àwọn tó ń ra gàrí gbà á lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ẹ fi ọwọ́ tó kún fún gàrí gbá mi létí pẹ̀lẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ kì í pẹ́ lẹ́yìnkùlé mọ́. Èmi ni mo lé yín kúrò níbẹ̀, àbí èmi kọ́? Nígbà tí a fẹ́ sin yín, ẹni tó ń kọ orúkọ sára àgbélébùú wá bá mi, ó ní gbogbo èèyàn ń pe Ìyá Ajókòó, kí lorúkọ wọn gan-an? Mo ní Àjọkẹ́. Mo rí i lójú àwọn kan pé ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ọ nìyẹn.

Ọ̀kan tún wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Lójò ọdún tí ẹ lọ, mo wá kí yín láti ibi iṣẹ́. Ẹ ní, “Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi.” Bẹ́ẹ̀ péré. Èmi ní, “Kí lẹ ṣe tó rẹ̀ yín, Ìyá Ajókòó? Ṣé àpótí ìjókòó ló wúwo?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ ò sọ fún mi mọ́ pé ó rẹ̀ yín, títí ọyẹ́ fi dé tí ẹ fi lọ. Ká ní mo dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kí lẹ máa sọ tẹ̀ lé e? Ogójì ọdún ni mo fi ń ri táyà sínú omi, tí mo ń wo ibi tó ti ń hó kí n lè mọ ibi tó ti ń jò. Ẹ̀yin tí ẹ bí mi, mi ò yẹ̀ yín wò lẹ́ẹ̀kan.

Obìnrin Ìbafò náà fún mi ní iṣẹ́ méjì. Lẹ́tà yìí ni ìkejì. Èkíní ni pé kí n lọ bẹ Bọ́sẹ̀, kí n má fi àwàdà lé e. Àgbàlagbà bíi tèmi! Mo lọ. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún mi, mo sì rí ojú ọmọ mi tó ti wọ inú.

Mo ní, “Bọ́sẹ̀, mo ṣẹ̀ ọ́.”

Ó ń wò mí. Ó ń retí ìyókù.

“Lẹ́yìn náà ńkọ́, Bàbá?”

“Kò sí lẹ́yìn náà.”

Ó pẹ́ kó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí n lè wọlé.

Ó gbà láti padà sí Ìbafò bí èmi náà bá máa jókòó tì í nínú, láìsọ̀rọ̀. Mo jókòó. Bọ́sẹ̀ ò wò mí, ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, “Mo fẹ́ràn bàbá mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń dúró lẹ́nu gééti kí n tó wọlé. Màá máa rò ó, bí mo bá jókòó, kí ni wọ́n máa sọ? Kí ni kí n fi dá wọn lóhùn? Ó dà bíi pé iṣẹ́ ni mo ti kúrò tí mo tún ń wọ iṣẹ́.”

Obìnrin náà kọjú sí mi. Ó ní, “Bàbá, kí lẹ gbọ́?” Kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ sọ o. Kí ni mo gbọ́.

Mo ní, “Mo gbọ́ pé ó máa ń dúró lẹ́nu gééti.” Mo rò pé àárẹ̀ ẹsẹ̀ ló ń dá a dúró níbẹ̀. Mo máa ń yọ ọ́ wò lójú fèrèsé, mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti ṣètò rẹ̀ báyìí. Á máa lọ sí Ìbafò ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ títí wọn yóò fi ní ó tó. Ibi iṣẹ́ gbà kó fi ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ná. Ó sọ ọ́ fún wọn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ náà, ó di apá mi mú, ó ní, “Bàbá, mi ò lè padà sí Mowe báyìí. Mi ò mọ ìgbà tí màá lè padà. Ṣé ẹ ò ní bínú?”

Àwàdà bíi mẹ́fà ló sáré wá sí ẹnu mi. Ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ lè kà wọ́n. Mo ní, “Mi ò bínú.” Irọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, èmi fúnra mi ni mo di ẹrù rẹ̀. Aṣọ, bàtà, ìrọ̀rí rẹ̀, àwòrán ìyá rẹ̀. Mo wọkọ̀ dé Bágà, mo wọ òmíràn gba Akúté, mo dé Òkè-Àró ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Túndùn ṣílẹ̀kùn, ó fi ìka lé ẹnu. Ó ní láti aago méjìlá ló ti sùn, kò tíì yíra padà.

“Ṣé kí n jí i, Bàbá?”

Mo mi orí. Ilẹ̀kùn yàrá ò dé tán, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni mo rí, ọ̀kan yọ jáde lábẹ́ aṣọ ìbora. Mo gbé ẹrù náà kalẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, bàtà mi sì máa ń dún. Mo bọ́ ọ, mo mú un dání, mo sì rìn jáde.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì yẹ kó ti bẹ̀ yín tipẹ́.